Kí Ni Wọ́n Ń Pè Ní Ẹkọ́lọ́jì?

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan lẹ́yìn ìrun, ọkọ àbúrò mi obìnrin wá láti Ifọ̀n bá mi ní mọ́ṣáláṣí wa ní Ìlobùú. Ojú rẹ̀ kò túká rárá.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí, "ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ yín. Yunifásítì ti gbà á. Èmi rò pé iṣẹ́ dókítà ni yóò kọ́, àfi bí ó ṣe ní ẹkọ́lọ́jì ni òun fẹ́. Ó ní ẹ̀kọ́ odò, igbó àti kòkòrò ni. Ṣé torí kí ọmọ lè lọ máa ṣa kòkòrò ni mo ṣe ta ilẹ̀ bàbá mi?"

Èmi náà, ilé kéwú àti ìwé mẹ́fà ni mo kà. N kò gbọ́ orúkọ ẹ̀kọ́ náà rí. Mo ní kí ó rán ọmọ náà sí mi.

Ní ọjọ́ kejì ó dé, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì mú ìwé tí ó yá lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan dání. Ó ní ará Jámánì kan, Ernst Haeckel, ni ó sọ ẹ̀kọ́ náà lórúkọ ní ọdún 1866. Ohun tí wọ́n ń wádìí nínú rẹ̀ ni bí àwọn ohun ẹlẹ́mìí ṣe ń bá ara wọn gbé, àti bí ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ ṣe ń ràn wọ́n lọ́wọ́ tàbí pa wọ́n lára.

Mo ní, "Ó dára, ṣùgbọ́n kí ni ó kàn wá níhìn-ín?"

Ó na ọwọ́ sí àbíkẹ́yìn mi tí ó ń ṣeré lójúde. Ọmọ yìí ti tọ ẹ̀jẹ̀ rí. Àwọn kan ní kí a má dààmú, pé ó ń bàlágà ni. Nọ́ọ̀sì ní àtọ̀sí ajá ni; ó fún un ní oògùn tí à ń pè ní praziquantel, ara rẹ̀ sì yá. Ọdún kò yí po tí ẹ̀jẹ̀ náà tún fi padà. Oògùn ni mo ń dá lẹ́bi.

"Bàbá, oògùn kò ṣẹ̀," ni ọmọ náà wí. "Ó pa aràn tí ó wà lára ọmọ, ṣùgbọ́n ta ni ó fún odò lóògùn?"

Ó wá là á yé mi. Bí ẹni tí ó ní àrùn yìí bá tọ̀ sínú omi, ẹyin aràn náà yóò pa níbẹ̀. Ọmọ aràn yóò wọ inú ìgbín wẹ́ẹ́rẹ́ kan, kì í ṣe ìṣáwùrú tí à ń jẹ. Inú ìgbín yìí ni yóò ti pọ̀ sí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó tó jáde láti wá awọ ènìyàn tí ó ń wẹ̀ tàbí tí ó ń fọṣọ. Kò nílò egbò kí ó tó wọlé. Dókítà Theodor Bilharz, ará Jámánì, ni ó kọ́kọ́ rí aràn náà ní Káírò ní ọdún 1851.

Ìgbín yìí kò fẹ́ràn omi tí ń sáré. Omi tí ó rọra dúró, tí koríko hù sí, ni ilé rẹ̀. Nítorí náà, ìsédò tí a ṣe kí a lè rí omi ẹ̀rọ mu lè di ibùgbé fún un. Ní Ìlíè, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti sé Erinlẹ̀, àwọn olùwádìí ti rí àrùn yìí lára àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, wọ́n parí ìsédò Diama ní ọdún 1986. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí irú àrùn yìí fi gbilẹ̀. Ìsédò náà dí ọ̀nà mọ́ edé tí ń jẹ ìgbín. Nígbà tí àwọn olùwádìí dá edé padà sínú odò ní abúlé kan, ìgbín tí ó ní aràn dínkù.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí ju bí ọmọ náà ti mọ̀ lọ. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéwú pé Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a, kọ̀ fún wa láti tọ̀ sínú omi tí kò ṣàn. Mo kọ́ wọn, wọ́n há a sórí. Ṣùgbọ́n n kò bá wọn dé etí odò rí, ọmọ tèmi sì ń tọ̀ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rántí pẹ̀lú pé ààlà ilẹ̀ ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín Ìlobùú àti Ifọ̀n. Òjò kò mọ ààlà náà. Ohun tí ará òkè bá dà sínú odò, ará ìsàlẹ̀ ni yóò bù ú mu.

Mo ránṣẹ́ pe àna mi. Mo sọ fún un pé ní Ifẹ̀, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ẹ̀ka kan tí ó wà fún ẹkọ́lọ́jì àti ọ̀ràn àyíká, nítorí náà kì í ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀lẹ. Ó bi mí bóyá ọmọ náà yóò ríṣẹ́. Mo ní n kò lè búra, ṣùgbọ́n dókítà ń wo ẹni tí àrùn ti mú. Ọmọ rẹ fẹ́ mọ ibi tí àrùn ti ń wá. Ó dákẹ́ pẹ́. Ní ọjọ́ Ajé, ó san owó ilé-ẹ̀kọ́.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má pè é ní ìbàlágà. Ẹ kìlọ̀ fún wọn nípa ìtọ̀ nínú odò. Bí ọmọ bá sì mú orúkọ ẹ̀kọ́ tí ẹ kò gbọ́ rí wálé, ẹ ní kí ó jókòó, kí ó ṣàlàyé.

Kí Ọlọ́run fi ìmọ̀ tí ó ní àǹfààní kẹ́ wọn. Àmín.