Apá tó ń wú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọmú: ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọ̀rọ̀ yín la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ̀yin bàbá náà, ẹ má dìde o, torí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún ìyàwó yín pé "má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́".

Obìnrin tó ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú, tí ojú egbò rẹ̀ ti jinná, tó ti padà sílé, lè rí i lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àní lẹ́yìn ọdún mélòó kan pàápàá, pé apá ìhà ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ń wúwo. Òrùka ò wọ ìka mọ́. Ọwọ́ bùbá ń fún un lápá kan, kò fún un ní ìkejì. Ẹ̀rù á bà á. Àwọn kan á ní ayé ló ń ṣe é, àwọn kan á ní májèlé jẹjẹrẹ náà ló sọ̀ kalẹ̀ sínú apá. Kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ẹ wo bó ṣe rí. Yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀, omi kan wà nínú ara wa tó ń rìn láàárín ẹran ara. Ó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, àwọn kókó kéékèèké tó wà ní abíyá ló sì ń sẹ́ ẹ bí a ṣe ń fi asẹ́ sẹ́ ògì. Nígbà tí dókítà bá ń yọ jẹjẹrẹ, ó sábà máa ń kó lára àwọn kókó yìí, torí ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ ọmú máa ń kọ́kọ́ sá lọ. Ìtọ́jú onítànṣán náà lè ba ojú ọ̀nà yìí jẹ́. Ẹ rántí gọ́tà tí ìdọ̀tí dí lásìkò òjò: omi ò ríbi gbà, àgbàlá á kún. Nínú àwọn obìnrin tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ kókó abíyá wọn, ó tó ẹnì kan nínú márùn-ún tí apá rẹ̀ ń wú. Bó bá jẹ́ kókó kan tàbí méjì péré ni wọ́n yọ, kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Omi yìí kò ní ọkàn tó ń tì í bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ní. Bí a bá ń lo apá, ẹran apá á máa fún un gòkè, bí a ṣe ń fún aṣọ tútù. Apá tá a gbé kọ́ àyà láti àárọ̀ dalẹ́, omi á jókòó sínú rẹ̀ ni.

Ká sòótọ́, àwọn dókítà fúnra wọn ló kọ́kọ́ ń sọ fún obìnrin pé kó má gbé ẹrù mọ́. Ní 1996, ní Vancouver ní ilẹ̀ Kánádà, dókítà kan tó ń jẹ́ Don McKenzie kó obìnrin 24 tí wọ́n ti ní jẹjẹrẹ ọmú sínú ọkọ̀ ojú omi, ó ní kí wọ́n máa wà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé Ganvié rí, ẹ mọ bí àjẹ̀ wíwà ṣe ń gba agbára apá. Apá àwọn obìnrin náà ò tìtorí ẹ̀ wú. Nígbà tó di 2009, Kathryn Schmitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí obìnrin 141 tí apá wọn ti wú tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí ìdajì wọn máa gbé irin lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, díẹ̀díẹ̀, lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n. Apá wọn ò wú ju tàwọn tí kò gbé e lọ, ìnira wọn dín kù, wọ́n sì lágbára sí i.

Nítorí náà, ìyá tó ń yan gàrí ò ní láti pa agbada tì títí ayé. Ìbẹ̀rẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ abẹ, kó máa di ẹ̀ṣẹ́, kó tún tú u, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá-mẹ́wàá. Kó máa ṣẹ́ ìgúnpá, kó nà án. Kó fi ọwọ́ náà ya irun. Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó má tíì gbé apá kọjá èjìká. Nígbà tí wọ́n bá ti yọ rọ́bà tó ń fa omi egbò, tí dókítà sì gbà, kó dojú kọ ògiri, kó máa fi ìka gun ògiri lọ sókè bí aláǹgbá, kó fi àmì sí ibi tó dé, kó gbìyànjú láti kọjá rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Kó máa yí èjìká, kó máa mí kanlẹ̀. Bó bá ń dùn ún gan-an, kó sinmi. Odó gígún ṣì ń bọ̀: ọmọ odó kékeré lákọ̀ọ́kọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀, kó wo apá lọ́jọ́ kejì. Bí kò bá wú sí i, kó fi díẹ̀ kún un.

Ìtọ́jú awọ ara ni ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ́tí sí jù. Apá tó kún fún omi yìí ò lè bá kòkòrò àrùn jà dáadáa. Ẹ fi ọṣẹ àti omi lásán fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, ẹ nù ún gbẹ láàárín ìka, ẹ fi òróró tàbí òrí pa á kó má baà sán. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ oko tàbí tẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́ epo, torí iná àti ẹ̀gún ló ń ṣílẹ̀kùn. Ẹ dákun, ẹ má sín gbẹ́rẹ́ sí apá yìí. Ẹ má so ìfúnpá mọ́ ọn, ẹ má fi omi gbígbóná jó o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ fa omi náà. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń dá a lábàá fẹ́ràn yín, àmọ́ ojú gbẹ́rẹ́ kékeré lè dá yín dùbúlẹ̀. Lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, ẹ na apá kejì fún un tó bá fẹ́ gún abẹ́rẹ́.

Bí apá náà bá pọ́n, tó gbóná, tí ara ń gbóná pẹ̀lú, ẹ má dúró di ọjọ́ ọjà. Ẹ gun zémidjan lọ sí santé lọ́jọ́ náà gan-an, torí oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn lẹ nílò. Bó bá sì wú lójijì, tó le, tó ń dunni, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ yín. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì tàbí jẹjẹrẹ tó padà.

Ọ̀rọ̀ fífọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní agbègbè wa. Ní Tógò, níbi tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde ní 2017 pé àrùn ẹsẹ̀ wíwú tí ẹ̀fọn ń gbé kiri ò dààmú ìlú mọ́, ohun kan náà ni wọ́n kọ́ àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ti wú: fọ̀ ọ́, nù ún, gbé e sókè, máa mì í.

Báńdéèjì ńkọ́? Ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́, àmọ́ ẹ má fúnra yín di í. Kiné, ìyẹn ẹni tó ń fi ìdárayá àti ọwọ́ wo aláìsàn, ló ń bẹ̀rẹ̀ láti ìka, tó máa le díẹ̀ níbẹ̀, tó máa rọ̀ bó ṣe ń gòkè. Báńdéèjì tó fún lókè ju ìsàlẹ̀ lọ á sé omi mọ́lẹ̀ ni. Ẹ bèèrè kiné ní ọsibítù Sakété, ní Àjàṣẹ́, tàbí ní CNHU ní Kútọnú.

Ẹni tí wọ́n dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún, kó tó lọ, kó yá téèpù aránṣọ. Kó wọn apá méjèèjì yípo, níwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 10 sókè ìgúnpá àti 10 sísàlẹ̀ rẹ̀, kó ní kí ọmọ iléèwé kọ ọ́ sínú ìwé, torí ọwọ́ tá a fi ń ṣiṣẹ́ máa ń sanra díẹ̀ ju ìkejì lọ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó máa wọ̀n ọ́n lóṣooṣù. Ìgbà tí ìyàtọ̀ bá fi sẹ̀ǹtímítà 2 kún èyí tó wà tẹ́lẹ̀, kó mú ìwé náà lọ fi han kiné.