Ìpín èrè ni wọ́n tà láti fi rí owó parí fíìmù ojú ọjọ́

Fíìmù tí kò bá ní ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn, àárín ọ̀nà ni owó rẹ̀ sábà máa ń tán sí. Nígbà tí Franny Armstrong, obìnrin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó The Age of Stupid lọ́dún 2004, kò tọrọ. Ìpín èrè ló tà.

Láti £500 lọ sókè ni wọ́n fi ń ra ìpín. Ẹgbẹ́ eléré họ́kì kan wà lára àwọn tó rà á. Àwọn tó dáwó lé ní igba, owó náà sì tó £450,000. Àwọn òṣìṣẹ́ fíìmù pàápàá gba owó táṣẹ́rẹ́, wọ́n ń retí ìpín èrè tiwọn. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé kò sí olówó kan ṣoṣo tó lè pàṣẹ ohun tí wọ́n máa yọ kúrò, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì kún inú fíìmù náà.

Fernand Pareau, ẹni ọdún 82, wà níbẹ̀. Òun ló ń ṣamọ̀nà àwọn tó ń gun òkè Alps nílẹ̀ Faransé, yìnyín orí òkè náà sì ń yọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà náà wà níbẹ̀: ọmọbìnrin kan láti Niger Delta tó fẹ́ di dókítà.

Okòwò yìí ń fẹ́ sùúrù o, kì í ṣe owó ilé-ìwé ọmọ lèèyàn ń kó sí i. Àwọn tó kọ́kọ́ ra ìpín dúró di oṣù kẹta ọdún 2009 kí fíìmù náà tó jáde ní London. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé Indie Screenings kalẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ fi fíìmù náà han àwọn ará àdúgbò rẹ̀ á san owó ìyọ̀ǹda lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á sì kó èrè tó bá jẹ níbẹ̀ sápò ara rẹ̀.