Camshaft tuntun nínú ẹ́ńjìnnì tuntun: ìdajì wákàtí tó le jù

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ bá ti kú lè ra odindi òmíràn tí ilé iṣẹ́ ti tò pọ̀ tán, tí iná kò tíì wọ inú rẹ̀ rí. Lára èyí tó gbajúmọ̀ ni Chevrolet 350, tó wá láti ìdílé V8 kékeré tí Chevrolet gbé jáde ní 1955. Àwọn tó rà á kì í sábà fi í sílẹ̀ bó ṣe wá. Agbára ni wọ́n ń wá, camshaft sì ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ pààrọ̀.

Ọ̀pá irin ni camshaft, ó ní àwọn gegele lára tó ń ṣí fáàfù. Bí gegele bá ga sí i, fáàfù á ṣí jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bó bá fẹ̀ sí i, fáàfù á pẹ́ kó tó padé, afẹ́fẹ́ púpọ̀ á sì ráyè wọlé nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré. Sílò, ìyẹn ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láì tẹ iná, ni yóò san gbèsè rẹ̀: ọkọ̀ á máa gbọ̀n lójú kan.

Tápẹ́ẹ̀tì, irin kékeré tí gegele ń tì láti ṣí fáàfù, ló jókòó lórí gegele. Lára àwọn 350 àtijọ́, ìdí rẹ̀ dà bí pẹlẹbẹ, ṣùgbọ́n ó yọ díẹ̀ láàárín, gegele náà sì dagun díẹ̀, kí tápẹ́ẹ̀tì lè máa yí bó ṣe ń lọ sókè sódò. Bí kò bá yí, ojú kan náà ni irin á máa ha, gegele á sì jẹ tán. Ìdí nìyẹn tí a kò fi gbọ́dọ̀ gbé tápẹ́ẹ̀tì àlòkù lé camshaft tuntun: ojú rẹ̀ ti bá gegele mìíràn mu.

Kí wọ́n tó ṣíná, wọ́n á fi gírísì pàtàkì pa gbogbo gegele, wọ́n á sì fi dríìlì yí pọ́ǹpù ọ́ìlì títí ọ́ìlì á fi dé òkè. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ gbiná lójú ẹsẹ̀, nítorí yíyí i léraléra láìgbiná ń nu gírísì náà kúrò. Bó bá ti gbiná, kò gbọ́dọ̀ wà lórí sílò rárá. Wọ́n á gbé e dé nǹkan bí ìyípo 2,000 sí 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n á sì mú un níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 sí 30. Ọ́ìlì tí crankshaft, ọ̀pá ńlá tí písítìn ń yí, ń fọ́n ká bó ṣe ń yí ló ń dé ara gegele. Lórí sílò, èyí tó ń fọ́n kò tó.

Ọ́ìlì fúnra rẹ̀ ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí wàhálà. Síńkì àti phosphorus inú rẹ̀ ló ń dá ààbò bo irin tó ń ha irin, ṣùgbọ́n phosphorus ń ba ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín mọ́ lójú ọ̀nà sàlẹ́ńsà jẹ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi òdiwọ̀n phosphorus mọ sí ìdá 0.08 nínú ọgọ́rùn-ún nínú àwọn ọ́ìlì fífúyẹ́ tó jáde fún ọkọ̀ kékeré ní 2004. Kò ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun lára, torí tiwọn ní rólà, tó ń yí lórí gegele dípò kó máa ha á. Chevrolet ti ń fi rólà sínú V8 kékeré láti 1987. Ẹni tó bá da ọ́ìlì òde òní lásán sórí tápẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ ń fi owó rẹ̀ ṣòfò. Ọ́ìlì tí wọ́n pò fún ìbẹ̀rẹ̀ ẹ́ńjìnnì tuntun ni kó rà. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì gba rólà, rólà ni mo fara mọ́, bó tilẹ̀ wọ́n jù.

Gegele tó bá jẹ kì í dá kú. Irin rẹ̀ á dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, á dé ara bẹ́ẹ̀rín, ilé iṣẹ́ tó ta ẹ́ńjìnnì náà sì lè kọ̀ láti tún un ṣe nítorí wọ́n ti pààrọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí náà, ẹ da ọ́ìlì nù, ẹ gé fílítà rẹ̀ ṣí. Bí irin bá ń dán nínú rẹ̀, ẹ má ṣe tún un ṣíná kí ẹ tó tú u.