Àṣírí Ilé Àwọn Aránṣọ Ńlá Nínú Sinimá: Ta Ni Ẹlẹ́rìí?



Láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, àwọn tó ń ṣe sinimá ní ilẹ̀ Faransé àti Amẹ́ríkà ti rí ọjà kan tó ń tà gan-an. Ọjà náà ni ìgbé ayé ìkọ̀kọ̀ àwọn gbajúmọ̀ aránṣọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn eré wọ̀nyí kò fi bẹ́ẹ̀ sọ bí a ti ń gé aṣọ tàbí bí a ti ń rán an. Ìjà láàárín tọkọtaya, ọtí, owó àti ikú òjijì ni wọ́n ń sọ. Ẹni tó bá ní tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù lè jókòó sínú yàrá rẹ̀ lónìí kí ó sì wò wọ́n.

Kí ló kan ìwé ìròyìn ìdílé Kristẹni nínú èyí? Ó kàn wá púpọ̀. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti òwú wọ́pọ̀ láàárín wa. A ní àwọn ìyá tó ń kọ́ ọmọṣẹ́, a sì ní àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbàdúrà pé kí Olúwa fi ẹ̀rọ ìránṣọ kan ta àwọn lọ́rẹ. Irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ lè wo eré wọ̀nyí, kí ó sì rò pé ẹni tí kò bá gbé ayé rúdurùdu kò lè di ẹni ńlá nínú iṣẹ́ náà. Òbí rẹ̀ lè wo eré kan náà, kí ẹ̀rù bà á, kí ó sì yọ ọmọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tí Ọlọ́run fún un lẹ́bùn rẹ̀. Àṣìṣe kan náà ló bí èrò méjèèjì: wọ́n gba ohun tí sinimá sọ bí ẹni gba ẹ̀rí ní ilé ẹjọ́.

Ọkùnrin Kan, Sinimá Méjì

Ẹ jẹ́ kí a fi Yves Saint Laurent bẹ̀rẹ̀. Ìlú Oran ní ilẹ̀ Algeria ni a bí i sí ní 1936. Nígbà tí Christian Dior kú ní 1957, Saint Laurent, ọmọ ọdún 21 péré, ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn tó ń ya aṣọ ní ilé iṣẹ́ Dior ní Paris. Ní 1961, òun àti Pierre Bergé dá ilé aṣọ tirẹ̀ sílẹ̀. Ó kú ní 2008.

Ní 2014, sinimá méjì jáde nípa ọkùnrin kan ṣoṣo yìí ní ilẹ̀ Faransé. Jalil Lespert ló darí ọ̀kan, Bertrand Bonello ló darí èkejì. Bergé wà láàyè nígbà náà, ọwọ́ rẹ̀ sì ni àwọn aṣọ tí a tọ́jú pamọ́ wà. Ó fọwọ́ sí sinimá ti Lespert, ó sì yọ̀ǹda ojúlówó aṣọ fún wọn láti lò. Ó tako ti Bonello, nítorí náà ńṣe ni àwọn ìyẹn rán aṣọ tiwọn.

Sinimá méjèèjì fi hàn bí ọtí àti oògùn olóró ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọkùnrin náà jẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ti Lespert, Bergé gan-an ni a ń gbọ́ tó ń sọ ìtàn náà. Nínú ti Bonello, ìtàn ti bọ́ kúrò ní ẹnu rẹ̀; oníṣòwò tó ń dúnàá-dúrà ni a rí. Èwo ni òtítọ́ nínú méjèèjì? Àwọn baba wa sọ pé agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìwé Òwe 18:17 náà kìlọ̀ pé kí a má yára dá ẹni tó kọ́kọ́ rojọ́ láre kí ẹnìkejì rẹ̀ tó dé.

Ti Gabrielle Chanel, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Coco, tún ṣe kedere ju èyí lọ. A bí i ní 1883. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ilé àwọn ọmọ òrukàn ni ó ti dàgbà. Sinimá tí Anne Fontaine darí ní 2009 sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ yìí, ó sì dúró níbi tí orúkọ rẹ̀ ti ń là. Ní 2024, eré alápá púpọ̀ kan tí wọ́n pè ní The New Look gbé ìtàn rẹ̀ láti ìgbà ogun, nígbà tí àwọn ará Jámánì gba Paris, tí Chanel sì ń bá ọ̀gágun Jámánì kan gbé. Eré náà gbé Catherine, àbúrò Christian Dior, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin yìí dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń bá Jámánì jà ní ìkọ̀kọ̀. Wọ́n mú un ní 1944, wọ́n gbé e lọ sí àgọ́ ìyà ní Ravensbrück, kò sì padà sílé títí di 1945.

Ẹni tó wo ti 2009 nìkan yóò káàánú ọmọ òrukàn tó ṣiṣẹ́ títí tó fi là. Ẹni tó wo ti 2024 nìkan yóò mọ̀ ọ́n sí obìnrin tó bá ọ̀tá ìlú rẹ̀ rìn. Bí télọ̀ ti ń gé aṣọ ni olùdarí eré ń gé ìtàn. Àjákù tó bọ́ sílẹ̀, olùwòran kì í rí i.

Ọmọ Tí Wọ́n Gé Kúrò

Ní 2021, Ridley Scott gbé sinimá House of Gucci jáde. Lady Gaga ṣe Patrizia Reggiani, Adam Driver sì ṣe ọkọ rẹ̀, Maurizio Gucci, ọmọ-ọmọ Guccio Gucci tó ṣí ilé ìtajà báàgì sí ìlú Florence ní 1921.

Ọ̀ràn tó wà nídìí eré yìí ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Ní 27 oṣù kẹta 1995, wọ́n yìnbọn pa Maurizio ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ ní ìlú Milan. Ní 1998, ilé ẹjọ́ dá Patrizia lẹ́bi pé òun ló rán àwọn apààyàn sí i. Ẹ̀wọ̀n ọdún 29 ni wọ́n fún un, wọ́n sì dín in kù sí 26 lẹ́yìn náà. Ó kúrò lẹ́wọ̀n ní 2016. Wọ́n dá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan náà lẹ́bi, obìnrin woṣẹ́woṣẹ́ kan. Ẹni tó bá ka Deutarónómì 18:10-12 mọ ìdí tí Olúwa fi ní kí a jìnnà sí irú wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí sinimá náà yí padà. Ọdún 1972 ni tọkọtaya náà ṣe ìgbéyàwó; sinimá bẹ̀rẹ̀ ìtàn wọn ní 1978. Paolo Gucci, tó jẹ́ olórí àwọn tó ń ya nǹkan fún ilé iṣẹ́ náà fún ọdún púpọ̀, ni wọ́n sọ di òmùgọ̀ tí a ń fi rẹ́rìn-ín. Ní oṣù kọkànlá 2021, àwọn àrólé Aldo, baba Paolo, kọ ọ̀rọ̀ jáde láti fi ẹ̀dùn ọkàn wọn hàn.

Ọmọbìnrin méjì ni Patrizia bí fún Maurizio. Ọ̀kan ṣoṣo ni sinimá fi hàn. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin òbí. Ìbọn mú baba ọmọ yìí lọ, ẹ̀wọ̀n mú ìyá rẹ̀ lọ, sinimá sì tún dé, ó yọ òun fúnra rẹ̀ kúrò nínú ìdílé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Gianni Versace, tí apààyàn kan yìnbọn pa ní iwájú ilé rẹ̀ ní Miami Beach ní 15 oṣù keje 1997. Ní 2018, tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ṣe eré alápá mẹ́sàn-án nípa ikú náà, láti inú ìwé kan tó jáde ní 1999. Ẹbí rẹ̀ kéde pé àwọn kò fọwọ́ sí eré náà, pé ẹni tó kọ ìwé náà kò gba ìròyìn kankan lọ́dọ̀ àwọn, àti pé àròsọ ni kí àwọn ènìyàn kà á sí. Aṣọ ọ̀fọ̀ ẹbí kan ti di aṣọ eré lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Òfin tó sọ pé kí a má jẹ́rìí èké sí ẹnìkejì wa (Ẹ́kísódù 20:16) kò yọ òkú sílẹ̀.

Ẹ̀rí Tí Aṣọ Ń Jẹ́

A kò sọ pé gbogbo sinimá nípa aránṣọ ló burú. Ní 2014 kan náà, Frédéric Tcheng gbé ọ̀kan jáde tí a pè ní Dior and I, tó tẹ̀ lé Raf Simons nígbà tó ń ṣe àkójọ aṣọ rẹ̀ àkọ́kọ́ fún ilé Dior ní 2012, láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré. Níbẹ̀ ni a ti rí àwọn tó ń fi ọwọ́ rán aṣọ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: wọ́n ń rán, wọ́n ń tú, wọ́n sì ń tún un rán. Ohun tí àwọn eré yòókù máa ń gé dànù nìyẹn.

Ẹ rántí Dọ́káṣì ní Jópà (Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 9:36-42). Nígbà tó kú, àwọn opó kò sọ àṣírí ilé rẹ̀ fún Pétérù. Aṣọ tó rán fún wọn ni wọ́n gbé jáde tẹkúntẹkún. Ẹlẹ́rìí tòótọ́ ni aṣọ wọ̀nyẹn, nítorí ọwọ́ òkú gan-an ló rán wọn.

Ìmọ̀ràn wa fún ìdílé nìyí.

Èkíní, ẹ má fi ọmọ nìkan sílẹ̀ níwájú irú eré bẹ́ẹ̀. Ẹ bá a jókòó, kí ẹ sì bi í pé: Ta ló ń sọ ìtàn yìí? Ta ni kò sí níbẹ̀ láti fèsì?

Èkejì, ẹ kọ́ ọmọṣẹ́ yín pé ọtí kò fún ẹnikẹ́ni lẹ́bùn. Ní 1954, kí Saint Laurent tó dé ilé Dior rárá, ó ti gba ẹ̀bùn nínú ìdíje aṣọ yíyà ní Paris. Ẹ̀bùn ti wà kí ìbàjẹ́ tó dé. Ẹ́kísódù 31 sì fi yé wa pé Ẹ̀mí Ọlọ́run ló fi ọgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ kún inú Bésálẹ́lì.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin òbí, ẹ má tìtorí sinimá yọ ọmọ yín kúrò lẹ́nu iṣẹ́ télọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kò sí lẹ́nu abẹ́rẹ́. Ìwà ọ̀gá tí ẹ fẹ́ fi ọmọ sí lọ́dọ̀ ni kí ẹ wádìí dáadáa.

Bí a bá sì ti pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ ẹnu wa. Ìtàn ilé aládùúgbò tí a ń gbé láti ẹnu dé ẹnu lẹ́yìn ìsìn, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, sinimá kékeré ni òun náà.

Kí Olúwa bù kún iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa, kí ó sì jẹ́ kí iṣẹ́ náà jẹ́rìí rere fún wọn. Àmín.