Ọta Ṣakabùlà Kì í Gbé Èèyàn Fò

Ṣé o mọ̀ pé irọ́ ni sinimá ń pa fún wa? Ọdẹ yin ṣakabùlà, ẹni tí ọta bà fò gba ojú fèrèsé bọ́ síta. Bí ọta bá lè gbé èèyàn fò bẹ́ẹ̀, ọdẹ tó yìn ín náà ì bá ti já sínú igbó lẹ́yìn. Ohun tí ọta gbé lọ síwájú, òun náà ni ìbọn gbé padà wá sí èjìká ọdẹ.

Jẹ́ ká ṣírò ó. Ọta òjé tó fẹ̀ tó mìlímítà 12 àti ààbọ̀ wúwo tó bíi gíráàmù 12. Ká ní ó ń sá mítà 450 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fi ìwúwo rẹ̀ sọ eré rẹ̀ di púpọ̀, mòméńtọ̀ọ̀mù rẹ̀ nìyẹn. Ìbọn kìlò 4 á fi í ta padà ní eré tó lé díẹ̀ ní mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá, ká má tíì ka ti èéfín ẹ̀tù mọ́ ọn. Èèyàn kìlò 70 ńkọ́? Sẹ̀ǹtímítà 8 péré ní ìṣẹ́jú àáyá. Ọmọ tó ń rákò yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ló dé tí ọta fi ń pa ẹran, tí ìdí ìbọn kì í pa ọdẹ? Bí eré bá di ìlọ́po 2, mòméńtọ̀ọ̀mù á di ìlọ́po 2, ṣùgbọ́n agbára á di ìlọ́po 4. Nínú ìṣirò wa yìí, agbára tó wà lára ọta lé ní ìlọ́po 300 èyí tó wà lára ìbọn.

Ṣé o mọ ohun tó ń sọ ọta róbótó di pẹlẹbẹ? Iwájú rẹ̀ ti kan egungun, ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì gbọ́. Ohun tó ń lọ kì í fẹ́ dúró (ìnáṣíà nìyẹn), ni ẹ̀yìn bá rọ́ lu iwájú, òjé sì fẹ̀ bí ẹ̀bà tí wọ́n sọ mọ́ ògiri.

Ohun tó jókòó náà kì í fẹ́ dìde. Ìdí nìyẹn tí àgbà ọdẹ fi ń fi ọ̀pá ki ọta títí á fi jókòó lé ẹ̀tù. Bí àlàfo bá wà láàárín wọn, èéfín á ti sáré kó tó bá ọta níbi tó jókòó sí, ìbọn sì lè bẹ́ mọ́ni lọ́wọ́.

Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe wọn eré ọta nígbà tí kò sí kámẹ́rà? Benjamin Robins, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé irin tí wọ́n kan pákó mọ́ lójú kọ́ bíi jangilọ́fà. Gbogbo rẹ̀ lé ní pọ́n-ùn 50. Ó yin ọta kékeré sí i, ọta wọ pákó, ó há síbẹ̀, àwọn méjèèjì jọ ń fì. Bí pákó ṣe ń lọ sẹ́yìn ló ń fa ríbọ́ọ̀nù kan tó wà nísàlẹ̀. Robins wọn ríbọ́ọ̀nù, ó ṣírò padà, ó bá nǹkan bíi mítà 500 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ríbọ́ọ̀nù lásán o! Ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1742, Euler, àgbà onímọ̀ ìṣirò, fúnra rẹ̀ sì tú u sí èdè Jámánì ní 1745.

Ọta àgbá ńkọ́, èyí tí eré rẹ̀ ti tán, tó wá ń yí gbirigbiri lórí koríko? Láyé ogun Napoleon, àwọn ọmọ ogun tí kò tíì mọ̀ máa ń na ẹsẹ̀ láti dá a dúró bíi bọ́ọ̀lù. Irin tó lè tó pọ́n-ùn 12 ni. Á máa yí lọ, ẹsẹ̀ á bá a lọ.