Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Àga àti Tábìlì Inú Ilé Wa

Ẹ̀yin ará ilé tí ń ka ojú ewé yìí, ẹ jẹ́ kí a yẹ inú pálọ̀ wa wò lónìí, kí a sì bi ara wa léèrè pé: ta ni a ra àwọn àga tí ó wà níbẹ̀ fún? Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé, àlejò ni a rà wọ́n fún. Àga onítìmùtìmù ńláńlá mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni yóò gba gbogbo ojú ilé, wọn yóò jìn bí kànga, a ó tẹ́ aṣọ funfun lé wọn lẹ́yìn, tábìlì onígíláàsì tí ọmọdé kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kàn yóò sì wà láàrin. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ tí olùkọ́ fún un, orí ilẹ̀ ni yóò dọ̀bálẹ̀ sí kọ ọ́. Bí bàbá bá ní ìwé ìṣirò láti parí, orí itan ni yóò gbé e lé. Ìyá tí ń ránṣọ yóò sì fi ẹ̀rọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé. Àlejò tí a tìtorí rẹ̀ ṣe gbogbo èyí lè má wá ju ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù lọ.

Èmi kò kẹ́gàn àlejò ṣíṣe. Ìwà rere ni, a sì bá a lọ́wọ́ àwọn bàbá wa. Ohun tí mo ń wí ni pé ilé ti di ibi iṣẹ́ ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà mú kí ìjọba pàṣẹ pé kí olúkúlùkù jókòó sílé ní ìpínlẹ̀ Èkó, ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti ní Àbújá, ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé kò sí ibi kan nínú ilé òun tí ènìyàn lè jókòó ṣiṣẹ́ sí fún wákàtí mẹ́fà kí ẹ̀yìn má dùn ún. Àṣẹ náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò padà sí ọ́fíìsì tán. Àwọn kan ṣì ń ṣiṣẹ́ nílé lọ́jọ́ méjì tàbí mẹ́ta láàrin ọ̀sẹ̀, orí ibùsùn sì ni ọ́fíìsì ẹlòmíràn wà títí di òní.

Bí a bá wo ohun tí àwọn baba ńlá wa ń lò, a ó rí i pé wọn kò fi ọ̀rọ̀ ìjókòó ṣeré. Ẹní wà fún ìsinmi. Àpótí kékeré wà fún ẹni tí ń dáná tàbí tí ń bẹ ẹ̀gẹ́, nítorí pé ilẹ̀ ni iṣẹ́ náà wà, ó sì yẹ kí ẹni tí ń ṣe é sún mọ́ ilẹ̀. Èyí tí ó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni òfì, irú èyí tí a ṣì ń rí ní Ìsẹ́yìn. Ahunṣọ a jókòó sórí pákó tí a gbé sáàrin igi òfì, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa tẹ ohun tí ń gbé òwú sókè sódò, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì a sì máa ju òwú síra wọn ní ọ̀kánkán àyà rẹ̀. Bí pákó ìjókòó náà bá ga jù, ẹsẹ̀ kò ní tó ohun tí yóò tẹ̀. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù, apá yóò ti máa ro ó kí oòrùn tó kan àtàrí. Nítorí náà, lójú ẹni tí ó kan òfì, ìjókòó àti iṣẹ́ kì í ṣe ohun méjì. Òwe wa sì ti sọ ọ́ ní kúkúrú: ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Àga ẹlẹ́yìn àti tábìlì gíga gba ọ̀nà mìíràn wọlé tọ̀ wá. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ti oko ẹrú ní Brazil padà sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tí a ń pè ní Àgùdà, mú iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà bọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ni ó kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní Èkó ní ọdún 1894. Lẹ́yìn èyí ni ilé ẹ̀kọ́ mú bẹ́ǹṣì tirẹ̀ wá, bẹ́ǹṣì gígùn tí a kàn mọ́ tábìlì rẹ̀, tí ọmọ ọdún mẹ́fà àti ọmọ ọdún méjìlá ń jókòó sí láìsí ìyàtọ̀. Ẹsẹ̀ ti àkọ́kọ́ ń fì dirodiro, orúnkún ti èkejì ń kan pákó lókè. Mo gbà pé ibẹ̀ ni a ti kọ́ àṣà pé ara ni yóò máa bá àga mu, dípò kí àga máa bá ara mu.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù pàápàá, ohun tí ó yí iṣẹ́ àga padà jù lọ ni bí a ó ti kó o jìnnà ní owó díẹ̀. Ní ọdún 1859 ni ilé iṣẹ́ Michael Thonet ní Vienna, ní ilẹ̀ Austria, gbé àga kan jáde tí a mọ̀ sí Nọ́mbà 14. Ooru omi gbígbóná ni wọ́n fi ń rọ igi náà títí yóò fi ṣeé tẹ̀ bí ọrun. Igi mẹ́fà péré, ìṣó oníyíyí mẹ́wàá àti nọ́ọ̀tì méjì ni ó sì para pọ̀ di àga. Bí a bá tú wọn palẹ̀, àga 36 yóò wọ inú àpótí kan tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan. Irú ọgbọ́n yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ IKEA, tí Ingvar Kamprad dá sílẹ̀ ní Sweden ní ọdún 1943, wá gbé lárugẹ ní nǹkan bí ọdún 1956, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yọ ẹsẹ̀ tábìlì kúrò kí ẹni tí ó rà á lè gbé e lọ ilé lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó.

Ọgbọ́n náà dára. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá irú òwò bẹ́ẹ̀ wọ ọjà wa ni pákó tí kì í ṣe pákó: ìyẹ̀fun igi tí a fi gọ́ọ̀mù pò, tí a tẹ̀ pọ̀, tí a sì fi bébà dídán bò lójú kí ó lè jọ ọ̀gánwó. Ní ibi gbígbẹ, tí a kò bá ṣí i nípò, ó lè pẹ́ díẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, níbi tí òjò ń fẹ́ wọlé láti ojú fèrèsé, tí a sì ń fi omi fọ ilẹ̀ ilé, ìsàlẹ̀ rẹ̀ a wú bí búrẹ́dì tí a rẹ sínú tíì. Bí a bá sì tú u lẹ́ẹ̀kan láti kó lọ sí ilé tuntun, ihò ìṣó rẹ̀ a gbòòrò, kò sì ní di ara rẹ̀ mú mọ́.

Igi gidi ńkọ́? Ìrókò, apá àti ọ̀gánwó ni àwọn àgbà gbẹ́kẹ̀lé, pẹ̀lú tíìkì tí a mú wá láti ilẹ̀ Éṣíà tí a sì gbìn sí oko igi wa. Ikán kì í fẹ́ fi eyín kan inú ìrókò. Arère fúyẹ́, ó sì rọrùn láti fá, ṣùgbọ́n ikán fẹ́ràn rẹ̀, kòkòrò sì a máa lu ú títí yóò fi di ìyẹ̀fun. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pé kí a lo arère. Ẹ̀tàn ibẹ̀ ni pé kí a fi fóòmù àti aṣọ àrán bo arère tútù mọ́lẹ̀, kí a sì gba owó ìrókò lórí rẹ̀. Mo mọ àwọn tí ó fi owó àjọ ọdún kan gbáko ra àga aláwọ dídán. Awọ náà kì í ṣe awọ ẹran. Nígbà tí yóò fi di ọdún kejì, ó ti ń ṣí bí èèpo ẹ̀yìn igi, ó sì ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ẹni tí ó bá jókòó. Nítorí náà, kí ẹ tó san owó, ẹ dojú àga náà dé kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ẹnu igi kan ni a kì bọ inú ihò èkejì tí a sì fi gọ́ọ̀mù dì, tàbí ìṣó lásán ni a gbá mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè díẹ̀. Bí ẹsẹ̀ iwájú kejì kò bá tètè bá a dìde, a jẹ́ pé egungun àga náà kò le. Ẹni tí ó bá sì jogún àga ìrókò àtijọ́, kí ó má ṣe fi í dáná. Fóòmù àti aṣọ titun kò lè wọ́n tó igi náà, nítorí ìrókò ti ń ṣọ̀wọ́n nínú igbó wa.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni ó kù. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù gbẹ́nàgbẹ́nà àgbàlagbà kan ní Ìbàdàn nígbà tí obìnrin olùkọ́ kan wọlé tí ó sì kúnlẹ̀ kí i.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Àga àti tábìlì ìkọ̀wé ni mo fẹ́. Irú èyí tí ó wà nínú àwòrán yìí gan-an ni.”

Bàbá gba fóònù náà, ó wò ó pẹ́. “Ó dára, tíṣà. Ta ni yóò máa jókòó sí i?”

“Èmi ni, sà.”

“Ẹ bọ́ bàtà yín, kí ẹ wá jókòó sórí àpótí yìí. Bàtà gíga yẹn kò ní sí lẹ́sẹ̀ yín nínú ilé.”

Ó na okùn láti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ dé abẹ́ itan, lẹ́yìn orúnkún. Ó ní, “Íǹṣì 16. Ẹni tí wọ́n ṣe ti inú àwòrán yìí fún ga jù yín lọ.” Ó ní kí ó ká apá kò bí ẹni tí ń kọ̀wé, ó sì tún wọn ìgúnpá rẹ̀ sí ilẹ̀ kí ó tó mú gègé láti kọ ọ́ sílẹ̀.

Gbogbo ẹ̀kọ́ tí àwọn onímọ̀ ń kọ sínú ìwé ńláńlá nípa ìjókòó kò jìnnà sí ohun tí bàbá yìí fi okùn ṣe. Àtẹ́lẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́ sílẹ̀, ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ rí ohun fara tì, ìgúnpá sì gbọ́dọ̀ wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú ojú tábìlì. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ìjókòó tí ó ga ní íǹṣì 16 sí 18 ni yóò ṣe é, tábìlì a sì tó nǹkan bí íǹṣì 28 sí 30. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí Bill Stumpf àti Don Chadwick ṣe àga ọ́fíìsì tí a ń pè ní Aeron fún ilé iṣẹ́ Herman Miller ní ọdún 1994, ìwọ̀n mẹ́ta ni a ṣe é sí, bí ẹní ń ta bàtà. Wọn kò fi fóòmù sí i rárá. Àwọ̀n ni wọ́n nà sórí rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba inú rẹ̀ kọjá. Owó rẹ̀ pọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń ka ìtàn rẹ̀, àga pankẹ́rẹ́ ni ó sọ sí mi lọ́kàn, èyí tí àwọn ọmọ wa ń hun ní ẹ̀bá títì, tí afẹ́fẹ́ sì ń gba inú rẹ̀ kọjá láti ìgbà ìwáṣẹ̀. (Àwa tí a lọ ilé ẹ̀kọ́ láyé àtijọ́ mọ pankẹ́rẹ́ fún iṣẹ́ mìíràn, bóyá ìdí nìyẹn tí a kò fi kà á sí.) Ní ìlú tí ó móoru bí tiwa, èmi yóò yan àga pankẹ́rẹ́ ju àrán lọ nígbàkígbà.

Tábìlì tí ènìyàn ń dúró ṣiṣẹ́ sí ti di àṣà báyìí pẹ̀lú, àwọn ọ̀dọ́ sì rò pé ohun tuntun ni. Àwọn akọ̀wé ilé ìṣòwò láyé àtijọ́ ti ń dúró kọ̀wé sí tábìlì gíga. Robert Propst pẹ̀lú fẹ́ kí òṣìṣẹ́ máa dìde kí ó máa rìn nígbà tí ó gbé ètò ọ́fíìsì rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1964. Ohun tí àwọn agbanisíṣẹ́ fi ètò náà ṣe nígbẹ̀yìn ni àwọn àhámọ́ kéékèèké tí a ń kó akọ̀wé sí. Ìdúró láti àárọ̀ títí di alẹ́ kò sàn ju ìjókòó lọ. Ká jókòó, ká dìde, ká rìn díẹ̀, ni ara ń fẹ́.

N kò fẹ́ kí ìyá ilé rò pé a gbàgbé òun, nítorí ilé ìdáná ni ó ń gba agbára jù. Ní ọdún 1926, ìyàwòrán-ilé kan, ọmọ Austria, Margarete Schütte-Lihotzky, ya ilé ìdáná kan fún àwọn ilé tí ìlú Frankfurt ní Jámánì ń kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́. Kò ju mítà 1.9 sí mítà 3.4 lọ, ṣùgbọ́n ó ti ka ìṣísẹ̀ obìnrin láàrin ààrò, síńkì àti tábìlì, ó sì fi ìjókòó sí i kí ó lè máa jókòó gé ẹ̀fọ́. Nǹkan bí 10,000 irú rẹ̀ ni a kọ́. Nínú ilé wa, àwọn kọ́lékọ́lé a máa sọ síńkì sí ibi tí ó bá wù wọ́n, wọn a sì fi pákó oníyẹ̀fun ṣe kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ rẹ̀, ní ibi tí omi ń jò sí gan-an. Ìyá tí ó ga a tẹ̀ kòlòbà sórí síńkì náà lójoojúmọ́, bí ẹ̀yìn bá sì ń dùn ún a ó ní ọjọ́ orí ni. Bí ẹ bá ń kọ́lé, ẹ pe ẹni tí yóò lo ilé ìdáná náà wá kí bíríkìlà tó mọ síńkì, kí ó dúró níbẹ̀, kí ó sì ká apá rẹ̀.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì tó ìyẹn lè tún èyí tí ó ní ṣe. Ẹ to ìwé jọ sábẹ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká títí ojú rẹ̀ yóò fi bá ojú yín mu, kí ẹ sì ra bọ́tìnnì ìtẹ̀wé ọ̀tọ̀ fún ọwọ́, nítorí ọrùn tí ń wo ilẹ̀ fún wákàtí márùn-ún kò lè ṣàì dunni. Ẹ gbé tábìlì ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Bí ẹni tí ó ga àti ẹni tí ó kúrú bá sì jọ ń lo tábìlì kan náà, kí a kàn án ní ìwọ̀n ẹni tí ó ga, kí ìjókòó èkejì ga díẹ̀ sí i, kí a sì fi pákó tí ó ṣẹ́kù kan àpótí ìtìsẹ̀ fún un.