Ẹ̀rọ Tí Gúúsù Áfíríkà Sọ Lórúkọ Ẹranko

Àṣá ni Yorùbá fi eré kọ̀ǹpútà wé. Ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá ni wọ́n ń pè é. Lengau ni ìjọba Gúúsù Áfíríkà sọ ẹ̀rọ alágbára tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Cape Town ní 2016. Ní èdè Setswana, ẹranko kan tó jọ ẹkùn ni Lengau, kò sì sí ẹranko orí ilẹ̀ tó lè bá a sáré.

Orúkọ náà yẹ ẹ́. Bí gbogbo ènìyàn inú ayé bá ń ṣe ìṣirò kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, láìsùn, láìjẹun, yóò ju ọjọ́ kan lọ kí wọ́n tó parí èyí tí Lengau lè ṣe ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo.

Kí ni ìjọba ń fi irú eré bẹ́ẹ̀ ṣe? Ẹ wo ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Ẹ̀rọ a pín òfuurufú sí àìmọye àpótí, a sì ṣírò ooru, atẹ́gùn àti ọ̀rinrin inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àpótí bá ṣe kéré tó ni àsọtẹ́lẹ̀ ṣe ń péye tó, ìṣirò náà a sì máa pọ̀ sí i. Àsọtẹ́lẹ̀ tó sì dé lẹ́yìn òjò, kí ni àgbẹ̀ fẹ́ fi ṣe?

Rírà nìkan kọ́ ni iṣẹ́ o. Iná kò gbọdọ̀ kú, ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ gbóná jù, ẹni tó mọ̀ ọ́n lò sì gbọdọ̀ wà. Èyí ìkẹyìn yìí ni wọ́n tètè mójú tó níbẹ̀: ní 2013, ọdún mẹ́ta ṣáájú Lengau, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ti gba ipò kìíní nínú ìdíje àgbáyé lórí irú ẹ̀rọ yìí, ní Leipzig, lórílẹ̀-èdè Jámánì.